Orúkọ Àwọn Ẹyẹ Odò

Ní àràárọ̀, bí ìrì bá ti gbẹ, Lábísí àti Ògúnníyì a rìn láti ilé ní Ẹ̀gùá lọ sí etí odò, wọn a jókòó sórí ìtì igi kan.

"Èwo nìyẹn?" Ògúnníyì a nawọ́ sí ẹyẹ funfun tó ń tọ màlúù lẹ́yìn.

"Lékeléke ni, Bàbá."

"Èyí tó bà sórí ẹ̀ka yẹn ńkọ́?"

Bó bá dọ̀la, ìbéèrè kan náà ni. Ó ti sú Lábísí. Nígbà mìíràn, ohun tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀ ni yóò sọ. Ó pe òṣìn, ẹyẹ apẹja, ní pẹ́pẹ́yẹ lọ́jọ́ kan. Bàbá náà kò bá a jiyàn. Ó kàn ní "òṣìn" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

Ó dun Lábísí pé ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pẹja lódò yìí lè dà bẹ́ẹ̀. Kì í sì í jẹ́ kí Lábísí dáná. Ó ní òun fúnra òun ni yóò máa se ọbẹ̀, bí iyọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń pọ̀ jù. Lábísí gbà pé agídí àgbà ni.

Lónìí, nígbà tí Ògúnníyì tún nawọ́ sókè, Lábísí dìde.

"Bàbá, ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ padà sí Ìlaròó. Ọkọ mi á ti máa retí mi."



"Ó ń retí rẹ," ni Ògúnníyì wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ ká wo tòkè yẹn ná."

Nígbà tí wọ́n délé, nọ́ọ̀sì Toheebat, tó máa ń wá bẹ̀ wọ́n wò, ti jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lábísí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní iyè bàbá òun ti ń ra, òun kò lè fi í sílẹ̀ kó dá wà, òun kò sì lè pa ilé ọkọ tì títí ayé. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá oògùn fún un.

Toheebat gbọ́ ọ dópin. Ó mú un wọlé, ó ní kó sinmi díẹ̀, ó sì jáde wá bá Ògúnníyì lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá ìyàtọ̀ kankan wà.

"Orúkọ àwọn ẹyẹ ń padà wá díẹ̀díẹ̀," ni Ògúnníyì wí, "ṣùgbọ́n èmi ọkọ rẹ̀, bàbá ló ṣì ń pè mí."