Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Alága

“Ìyàwó mi ló kàn,” ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ wí, ó fi bírò sàmì sí orúkọ rẹ̀. Òun ló ṣètò ọjọ́ náà, kí kálukú ọmọ ẹgbẹ́ gbé èrò kan sáré yí pápá ká. “Alága, rọra o. Kò wọ ọkọ̀ rẹ rí.”

Alága, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré, ti jókòó sídìí ọkọ̀. “Fọkàn balẹ̀. Mi ò ní fi ìyàwó wa ṣeré.”

“Ẹ̀rù ń bà mí o,” ni ìyàwó wí, ó ń de akoto mọ́rí. “Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ọkọ̀ wà, ẹ̀yin yìí?”

Akọ̀wé fẹ́ sọ fún alága pé kó bá a ṣílẹ̀kùn láti inú, nítorí olóríkunkun gbáà ni ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ọdún mẹ́fà tóun fúnra rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ náà, kò rí i ṣí láti ìta rí.

Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wò ó lójú, ó ń rẹ́rìn-ín, ló bá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ó fi ìbàdí gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Àsíá ọwọ́ akọ̀wé ni gbogbo wọn ń wò, kó jù ú kí wọ́n máa lọ.

Ó jù ú.