Ta Ló Ń Súfèé?

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ṣíjú kúrò lára ògiri pálọ̀ báyìí, yàrá òbí wọn ló sáré gbà lọ. Kì í pẹ́ rí àbúrò ẹ̀ nínú eré bojúbojú. Ọmọ náà ní ikọ́ fée. Ibi yòówù kó sá pamọ́ sí, àyà ẹ̀ á máa súfèé ni.

Lóòótọ́, nǹkan ń súfèé nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.

"Ó tán! Jáde, jàre!"

Ó ṣílẹ̀kùn gbàgà. Bàbá wọn ló ká gúlútú sáàárín ẹ̀wù, tó ń fẹnu súfèé.

"Dádì! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

Igbe àbúrò ló dáhùn láti pálọ̀: "Mo ti fọwọ́ kan ògiri! Mo borí yín!"

"Rọra fà mí jáde," ni bàbá wọn wí, "orúnkún mi ti há. Ó borí, àbí?"