Òjò Tó Pa Ìyàwó, Tí Kò Pa Ọkọ

Ní ìlú Ìkìrun, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Ọlátẹ́jú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n àlébù kan wà lára rẹ̀ tó ba ìyókù jẹ́: tara rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, kí Fadérera ìyàwó rẹ̀ tó bu òkèlè, ẹran tó tóbi ti di tirẹ̀.

Nígbà tí Ọlátẹ́jú ra alùpùpù, òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, wọ́n sì fẹ́ lọ kí àwọn òbí Fadérera ní Igbájọ. Ni tọkọtaya bá gba ọjà lọ láti wá ohun tí wọn yóò wọ̀ gùn ún. Ọlátẹ́jú fara balẹ̀ yàn fún ara rẹ̀. Ó mú ẹ̀wù rọ́bà tó nípọn pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́, ó mú bàtà tó gùn dé orúnkún, ó sì mú akoto tó bo gbogbo orí. Fadérera náà mú ẹ̀wù rọ́bà kan, ó gbé e lé àyà wò.

"Olówó orí mi, èyí bá mi mu o."

Ọlátẹ́jú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà kọ́. "Èmi ni mo máa wà níwájú tí òjò á máa nà. Ẹ̀yìn mi lo máa fara pamọ́ sí. Ọ̀rá yìí tó ọ." Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló nà sí i. Ojú ti Fadérera níwájú ẹni tó ń tajà, ó gbà á.

Wọ́n ń gun òkè Igbájọ lọ́wọ́ nígbà tí òjò dé tìjàtìjà. Atẹ́gùn fa ọ̀rá Fadérera ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, etí ọ̀rá náà kan sì kó sínú táyà ẹ̀yìn. Kí Ọlátẹ́jú tó tẹ bíréèkì, ọ̀rá ti fa obìnrin náà ṣubú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé eré wọn kò pọ̀. Ìgúnpá rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin.

Bí wọ́n ṣe dé ilé àna, Fadérera ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ìyá rẹ̀ tú ìborùn ara rẹ̀, ó fi wé e. Ọlátẹ́jú bọ́ ẹ̀wù rọ́bà kó lè dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti rí i: bùbá rẹ̀ gbẹ táútáú, bí ẹni pé inú yàrá ló ti ń bọ̀.

Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ ọmọ. "Àna mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé òjò tó pa ọmọ mi kò dé ọ̀dọ̀ tiyín ni?"

Kò pariwo, kò bú u. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ Ọlátẹ́jú lára. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò lè gbé orí sókè. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Nígbà tó dìde, ó gbé ẹ̀wù rọ́bà rẹ̀, ó fẹ́ fi bo ìyàwó rẹ̀ léjìká. Fadérera rọra tì í padà.

"Ẹ fi sílẹ̀. Òjò ti dá."



Nígbà tí wọ́n padà sílé, Ọlátẹ́jú sáré ra ẹ̀wù rọ́bà àti akoto fún un. Fadérera dúpẹ́, ó sì ń wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìyá ìyàwó bá ti kí Ọlátẹ́jú, ilẹ̀ ló máa ń wò dáhùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ó yẹ ara yín, ẹ mọ̀ pé ó yẹ ara ẹni tí ẹ jọ ń rìn. Ẹni tó bá dáàbò bo ara rẹ̀ nìkan, ìtìjú ni yóò bá a délé. Àwọn àgbà ní, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.