Oyún Tàbí Ọyún

Obìnrin tó ń wáṣẹ́ akọ̀wé nílé ìwòsàn kan n'Ìsọlọ̀ lọ́dún tí ìjọba san owó Údójì na káàdì aláìsàn kan sókè. Kó ka àìsàn, kó kọ nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn fún àìsàn náà sí i, ìdánwò náà nìyẹn. Mẹ́ta tó níwèé ẹ̀rí jù ú lọ ti gbòdo.

"Sà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, wọ́n ní oyún! Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbàgbé àmì abẹ́. Ọyún eéwo ni." Ó fàmì sí i, ó kọ nọ́ńbà eéwo.

Ọ̀gá tó ń dán an wò rẹ́rìn-ín títí, kò tilẹ̀ wo káàdì. "O lójú! O ti ríṣẹ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ikùn rọ̀gọ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, kí ìyá tó ni ín tó dé.

"Sàláúdéènì ọmọ mi," ó sọ fún ọ̀gá, "káàdì mi dà? Nọ́ọ̀sì fẹ́ wọn ikùn mi."

Ọ̀gá fọwọ́ bojú. Akọ̀wé ti wà lórí eékún: "Sà, ẹ óò gba àbúrò yín jó o!"