Gìtá Oníyanrìn Dé Abẹ́ Páànù

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó fi èyí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Àgàgà ẹ̀yin tí ilé bàbá yín ń tì lójú.

1.
Ọládèjì ń ṣe gìtá onígi, irú èyí tí kì í lo iná, ní Oníyanrìn, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ògiri ilé náà nípọn. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ò lè débẹ̀, ọyẹ́ ò sì ráàyè wọlé láti mú igi gbẹ jù. Inú ilé náà ni pákó ti ń sinmi kó tó di gìtá. Tí ẹ bá ta okùn gìtá Ọládèjì lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ á wà létí yín dalẹ́.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í wọ àdúgbò náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá iléèwé orin kan fẹsẹ̀ rìn wọlé, ó ń nu bàtà. Ó ní, "Ṣé ibí náà lẹ ti ń ṣe é?" Ogójì gìtá ló fẹ́ o! Àmọ́ ìtìjú ò jẹ́ kí Ọládèjì yọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

2.
Ó kọ́ iléeṣẹ́ olórùlé páànù sẹ́bàá títì márosẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Jemima, tíṣà orin tó máa ń dán gbogbo gìtá wò kó tó jáde, bẹ̀ ẹ́.

"Déjì, jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ pákó lára kí o tó gé e. Ooru abẹ́ páànù yàtọ̀. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ṣùgbọ́n iléèwé orin yẹn ń retí mi."

"Ilé yìí ńkọ́?"

"Mo máa wó o ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá mi níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ bí? Ó mọ̀! Kò tiẹ̀ dúró kí gìtá kan ṣoṣo jáde níbi tuntun kó tó kó àwọn tó ń wó ilé wá, wọ́n sì wó ilé bàbá rẹ̀ palẹ̀.

3.
Gìtá pé ogójì, ó fi wọ́n kọ́ ara ògiri iléeṣẹ́ tuntun náà. Ni ọyẹ́ bá dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọládèjì gbọ́ "kẹ́ẹ́!" Gìtá kan ti là níwájú. Kó tó gbé e sọ̀kalẹ̀, òmíràn dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó sáré wọ́n omi sílẹ̀, ó fi aṣọ tútù bo fèrèsé, ó ń tú okùn, ó ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ṣáà ń là.

Jemima mú ọ̀kan tí kò là, ó ta á. Ó dún bí ìgbà téèyàn ń kan páálí.

"Déjì, ohùn rẹ̀ dà?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó wọn padà sí Oníyanrìn kíá!"

"Sínú ilé wo, Déjì?"

Ọládèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Iléèwé orin gba ibòmíràn lọ. Àga ni Ọládèjì ń kàn báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó iṣẹ́ yín lọ síbi tó gbayì, kò burú, ẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ibi àtijọ́ ń bá yín ṣe, kí ìtìjú tó mú yín wó o. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ.