Ìkíni Odán Ìta-Àgbà

Láràárọ̀, ká tó lọ síbi iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ dúró lábẹ́ odán Ìta-Àgbà kó kí wa. Igi náà ló dàgbà jù nílùú, nítorí náà ẹ̀rọ tí ìjọba fi sínú rẹ̀ kì í fi "ẹ" kí ẹnikẹ́ni. "O káàárọ̀" ló máa ń sọ fún ọba pàápàá.

Ó kí Adéṣẹ̀yẹ ọkọ mi, ìyẹn kọjá. Ó wá kàn mí. Mo fa ìborùn bo ikùn.

"Ẹ káàárọ̀, Mojírádé."

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi sún sẹ́yìn. Òfin ò gbà ju ọmọ kan lọ, ọ̀kan sì ti wà nílé wa.

"Èmi nìkan ni, Bàbá." Mo tún ìborùn fà.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Ọkàn méjì ni mò ń gbọ́."