Ìbéèrè Tí Àwọn Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Kò Dáhùn

"Munawwarah, buwọ́ lùwé jàre."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wàhábì ti na bírò sí mi. Mi ò gbà á.

A wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ ní Ìkòròdú. Ìwádìí wa ti parí, lórí ìdánwò táwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ń ṣe kí wọ́n tó wọlé.

Tí mo bá buwọ́ lu ìwé àbájáde ẹ̀, iléèwé wa ò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣèdánwò ní sẹ́ńtà Ẹ̀pẹ́ mọ́.

"Ẹ jẹ́ n tún un kà, sà."

"Kí lo tún fẹ́ kà ńbẹ̀?" Ohùn ẹ̀ ti ń le. "Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń fi àwọn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ láìdáhùn. Àwọn ti Ìkòròdú ń parí ẹ̀. Wọn ò ní ìfaradà. Ṣé irú wọn ló máa dúró ti aláìsàn?"

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Tí mo bá jiyàn, á ní mò ń gbè lẹ́yìn àwọn ará ìlú mi.

Mo rọra mu omi. Mo ń wo aago ara ògiri.

"Kí lò ń dúró dè gan-an?"

Ni ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé bá pe ìrun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó mú fìlà.

"Mò ń lọ kí Jímọ̀ọ̀. Tí mo bá dé, wàá buwọ́ lù ú."

"Ohun tí mò ń dúró dè nìyẹn, sà. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n ṣe ìdánwò ní Ẹ̀pẹ́. Sátidé ni ti Ìkòròdú."

Fìlà ọwọ́ ẹ̀ ò dé orí mọ́.

"Àsìkò ìrun yìí gan-an ni wọ́n dé orí àwọn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà dìde lọ kírun, bí ẹ ṣe dìde yìí, sà."